Orúkọ Tí Mo Fi Iná Kọ

Ọjọ́ Ajé, 13 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2025

Wọ́n kó o dé lónìí, nínú àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́ta. Ọlọ́pàá méjì ló gbé e wọlé, wọ́n ní kí n fọwọ́ síwèé, wọn ò tiẹ̀ jókòó. Mo da àwọn àpò náà sórí tábìlì: irin mọ́kànlá. Èyí tó tóbi jù gùn tó apá mi, èyí tó kéré jù ò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ. Bútéèyì irin tí wọ́n ń rọ ọ́síjìn sí ló di bẹ́ẹ̀ yẹn láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ní ṣọ́ọ̀bù Abdoul-Kader ajórin, ní Tchatchou. Abdoul-Kader kú lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ti sin ín lọ́jọ́ náà gan-an.

Mo mọ̀ ọ́n. Ọ̀dọ̀ bàbá mi ní Tchaourou ló ti kọ́ṣẹ́. Nígbà tí mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, òun ló máa ń gbé mi sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ lọ síléèwé tí òjò bá ń rọ̀. Mo sọ fún procureur, agbẹjọ́rò ìjọba, pé mo mọ òkú náà. Ó ní ta ni kò mọ ara wọn ní agbègbè yìí, àti pé ilé ẹ̀kọ́ wa ní Parakou níbí nìkan ló ní irinṣẹ́ fún irú iṣẹ́ yìí nítòsí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló fún mi. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni ohun tó fọ́ bútéèyì náà, àti ẹni tó fà á.

Wọ́n ti mú ẹnì kan ná. Imorou, tó ń fi kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kó bútéèyì láti Parakou lọ fún gbogbo àwọn ajórin apá ọ̀hún. Òun ló gbé e sọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, kò sì tíì pé ogún ìṣẹ́jú tí ó fi bú gbàmù. Gbogbo Tchatchou ló ń sọ pé ó jù ú mọ́lẹ̀ ni.

Ọyẹ́ mú gan-an. Ètè mi ti là.


Ọjọ́rú, 15 oṣù Ṣẹ́rẹ́

Èmi àti tonton Àlúkò, àgbà iṣẹ́ wa, to irin náà jọ láti àárọ̀. Tonton ti ń tọ́jú àwọn ẹ̀rọ ilé ẹ̀kọ́ yìí láti ọgbọ̀n ọdún, kò ní ìwé ẹ̀rí kankan, ojú rẹ̀ sì mú ju tèmi lọ. A fi wáyà so wọn pọ̀ bí ẹni ń to ìkòkò tó fọ́. Nígbà tó di ọ̀sán, bútéèyì náà tún dìde dúró, ó kàn ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ gba ara rẹ̀ kọjá.

Lójú gbogbo ibi tó ti fọ́, àwọn ìlà wẹ́wẹ́ wà tó rí bí eegun ẹja. Ibi tí orí ẹja bá kọjú sí, ibẹ̀ ni fífọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo wọn kọjú sí ibì kan ṣoṣo, nísàlẹ̀ èjìká bútéèyì. Mo wá ibi tó tẹ̀ wọnú, nítorí irin tí wọ́n bá jù mọ́lẹ̀ kò ní ṣàì tẹ̀. Mi ò rí i. Tonton náà wá a, kò rí i. Ó ní kí n má tíì sọ fún ẹnikẹ́ni.


Ọjọ́ Ẹtì, 17 oṣù Ṣẹ́rẹ́

Kaoussara, ìyàwó Imorou, wá síbí. Ó ti jókòó sí ẹnu ọ̀nà kí n tó dé, ó gbé abọ́ oúnjẹ ọkọ rẹ̀ tí wọ́n dá padà fún un ní àgọ́ ọlọ́pàá sórí ẹsẹ̀. Mo ní mi ò láṣẹ láti bá a sọ ọ̀rọ̀ yìí. Ó ní òun náà mọ̀, òun ò wá béèrè nǹkan kan, òun wá sọ ni. Tata ló pè mí, bí ẹni ń pe àǹtí rẹ̀.

"Tata, ọkọ mi máa ń tẹ́ fóòmù tí a ń sùn lé sínú kẹ̀kẹ́, kó tó gbé bútéèyì lé e. Lọ́jọ́ tó bá rìn, orí ẹní lásán lèmi àtàwọn ọmọ ń sùn. Ẹni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ní ó jù ú mọ́lẹ̀."

Mo ní mo ti gbọ́. Ó dúpẹ́, ó lọ. Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára. Mo lè sọ fún un pé irin náà kò tẹ̀ níbì kankan, mo sì dákẹ́ bí ìwé ìjọba.

Epo ẹ́sáǹsì tún ti gbówó lórí. Àwọn ọlọ́kadà ń pariwo.


Ọjọ́ Ajé, 20 oṣù Ṣẹ́rẹ́

Mo rí ibẹ̀. Lábẹ́ ẹ̀rọ awò tó ń sọ nǹkan wẹ́wẹ́ di ńlá, lójú ibi tí gbogbo ìlà yẹn ń tọ́ka sí, àbàwọ́n dúdú kan wà tó rí bí èékánná àtàǹpàkò. Ìpẹtà àtijọ́ ni. Gbogbo ibi yòókù ń dán, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́ ni. Ìyẹn ni pé bútéèyì yìí ti sán lábẹ́nú láti ọdún gbọọrọ, ó sì ń sán lọ díẹ̀díẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá rọ ọ́ kún, títí di àárọ̀ ọjọ́ yẹn tí kò lè gbà á mọ́. Ì báà jẹ́ Imorou ló gbé e, ì báà jẹ́ èmi, yóò bú.

Imorou ò jẹ̀bi. Mo kọ ọ́ síbí kí n lè rí i kà.

Ó ku ohun kan. Ọ̀dà pọ̀ lójú ibẹ̀, àwọ̀ ewé lórí àwọ̀ eérú, àwọ̀ eérú lórí pupa. Nǹkan kan sì ga díẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Lọ́la ni màá bó o.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 21 oṣù Ṣẹ́rẹ́

Mo bó ọ̀dà náà. Mo ti rí i.


Ọjọ́bọ̀, 23 oṣù Ṣẹ́rẹ́

Mi ò lè kọ nǹkan kan lánàá. Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ báyìí, kí n lè jẹun.

Lẹ́tà ló wà lábẹ́ ọ̀dà. Wọ́n fi iná kọ ọ́ sára bútéèyì, bagẹ́ẹ̀tì tí àwọn ajórin fi ń so irin pọ̀ ni wọ́n fi yọ́ irin sórí irin: ABDOUL-KADER. Sísán náà bẹ̀rẹ̀ ní ẹsẹ̀ lẹ́tà K. Ẹsẹ̀ K náà méjèèjì kò kan ẹ̀yìn rẹ̀, àlàfo kan wà láàárín wọn. Tísà mi ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nà mí títí lórí irú K yẹn, mi ò sì tíì jáwọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe ń kọ ọ́ nínú ìwé yìí.

Èmi ni mo kọ ọ́. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mí nígbà náà. Láyé ìgbà yẹn, tí àwọn ajórin bá fi bútéèyì tó dára ránṣẹ́ sí Parakou láti lọ rọ ọ́síjìn, wọ́n á fi ògbólógbòó pààrọ̀ rẹ̀ fún wọn. Àwọn ajórin fi ọ̀dà kọ orúkọ sí i, àwọn tó ń rọ ọ́ ha á kúrò. Bàbá mi wá ní ohun tí a bá fi iná kọ, kò sẹ́ni tó lè ha á. Bàbá ò mọ̀wé. Ó fi ìbòjú bò mí lójú, ó fi bagẹ́ẹ̀tì lé mi lọ́wọ́. Àwọn èèyàn wá ń wò mí. Wọ́n ní ọmọ patron Àkàndé, ọ̀gá ajórin, ń fi iná kọ̀wé. Orí mi wú. Inú mi dùn débi pé mo sọ lọ́jọ́ yẹn pé iṣẹ́ irin ni mo máa kà nílé ìwé, mo sì kà á, òun náà sì ni mo fi ń jẹun di òní.

Ọwọ́ mi ló pa ọkùnrin tó ń gbé mi sẹ́yìn kẹ̀kẹ́. Mo mọ̀ pé màá máa wá ọ̀nà láti kọ gbólóhùn yìí lọ́nà míì. Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀.


Ọjọ́ Ajé, 27 oṣù Ṣẹ́rẹ́

A wọn líle irin náà. Níbi tó jìnnà sí lẹ́tà, 310. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà, 560; irin tó bá le tó bẹ́ẹ̀ a máa sán. Mo tún un wọ̀n nígbà mẹ́fà bí ẹni tí ń bẹ̀bẹ̀. Kò yí padà.

Mo sọ fún tonton Àlúkò. Ó ń nu awò ẹ̀rọ tí kò dọ̀tí. Ó wá ní kí n kọ ọ́ pé láti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti rọ bútéèyì náà ni àbùkù ti wá. Ilé iṣẹ́ ọ̀hún wà lẹ́yìn òkun, kò sẹ́ni tí yóò jìyà, Imorou á lọ sílé, èmi náà á máa bá iṣẹ́ mi lọ. Ojú àánú ló fi ń wò mí. Mo ní kó jẹ́ kí n rò ó.

Mi ò ní purọ́ síbí: mo rò ó. Mo rò ó délé, mo rò ó nídìí oúnjẹ. Mo tiẹ̀ ti ń to gbólóhùn náà ní Faransé, ó sì ń dùn létí. Nígbà tí mo ń fọ abọ́ ni mo rántí pé kì í ṣe bútéèyì kan ni mo kọ orúkọ sí.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 28 oṣù Ṣẹ́rẹ́

Mo lọ sí Tchaourou. Bàbá wà lábẹ́ igi máńgòrò, ojú rẹ̀ ti ṣú tán báyìí, ó ń fi ọwọ́ ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà. Ìró ẹsẹ̀ mi ló fi mọ̀ mí. Ó béèrè ìdí tí mi ò fi sí níbi iṣẹ́ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Mo ṣàlàyé fún un. Mo ní irin bútéèyì kì í ṣe irin gèètì. Wọ́n ti fi iná àti òróró tọ́ ọ nílé iṣẹ́ kó lè lágbára. Tí bagẹ́ẹ̀tì bá kàn án, ojú ibẹ̀ á gbóná lójijì, á sì tutù lójijì, á wá le bí àwo tánganran. Tí bagẹ́ẹ̀tì náà bá sì ti gba omi sára, ohun tó wà nínú omi yẹn á wọnú irin, á sán an lábẹ́nú lẹ́yìn ọjọ́ kan tàbí méjì, nígbà tí kò sẹ́ni tó ń wò ó mọ́. Ó gbọ́ mi dé òpin. Àwọn ìka rẹ̀ dúró nínú ẹ̀wà.

Ó ní, "Àsìkò òjò ni."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Orí ilẹ̀ la máa ń kó páálí bagẹ́ẹ̀tì sí, omi a sì máa gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé.

"Èmi ni mo kọ ọ́," ni Bàbá wí. "Bẹ́ẹ̀ ni kí o kọ ọ́ fún wọn."

"Bàbá, ẹ ò mọ̀wé."

"Wọn ò ní bi mí léèrè ìyẹn. Ìwọ lọ́jọ́ púpọ̀ níwájú. Èmi, kí ni wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi?"

Mo sunkún, kò sì sọ pé kí n dákẹ́. Nígbà tí mo parí, mo ní kó dárúkọ gbogbo àwọn tí a kọ orúkọ wọn sára bútéèyì. Ó ka wọ́n lórí ìka ọwọ́ kan, Abdoul-Kader ni àkọ́kọ́. Márùn-ún. Ibi tí wọ́n wà lónìí ni kò mọ̀. Àwọn kan ti kú, àwọn kan ti ta tiwọn. Ó ní ẹnì kan ṣoṣo ló mọ ibi tí gbogbo bútéèyì ilẹ̀ yìí ń gbé, òun náà sì ni àwọn ọlọ́pàá tì mọ́lé.


Ọjọ́bọ̀, 30 oṣù Ṣẹ́rẹ́

Mo gbé ìdajì rapport, àbọ̀ ìwádìí mi, lọ fún procureur. Níbi tó ti béèrè ẹni tó fà á, orúkọ mi ni mo kọ síbẹ̀, Olúwaṣìkẹ́mi Àkàndé, pẹ̀lú ọjọ́ orí mi nígbà náà. Ó kà á, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó tún un kà. Ó béèrè bóyá ara mi yá. Mo ní ó yá.

Ó ní iṣẹ́ náà kò lè wà lọ́wọ́ mi mọ́, wọ́n á fi irin náà ránṣẹ́ sí ẹlòmíì ní Cotonou kó yẹ̀ ẹ́ wò. Mo ní ó tọ́. Ó ní títí tí ẹni yẹn á fi dáhùn, Imorou á dúró níbi tó wà. Mo ní ìyẹn ò tọ́. Mo bá agbẹjọ́rò ìjọba jiyàn, èmi tí mi ò lè bá ẹni tó ń ta tòmátì jiyàn. Mo ní bútéèyì mẹ́rin mìíràn wà níta tí wọ́n ń rọ kún lóṣooṣù, Imorou nìkan ló mọ ibi tí wọ́n wà, tí ọ̀kan bá sì bú lọ́la, ọwọ́ mi àti ọwọ́ procureur fúnra rẹ̀ ló máa wà níbẹ̀. Ó pe ẹnì kan lórí fóònù.


Ọjọ́ Ẹtì, 31 oṣù Ṣẹ́rẹ́

Wọ́n tú Imorou sílẹ̀ lọ́sàn-án. Ó ti rù, irùngbọ̀n ti gba ẹnu rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà àgọ́, mo sì sọ fún un pé èmi ni. Kò fọwọ́ kàn mí, kò sì bú mi. Ó bi mí léèrè orúkọ tó wà lára àwọn bútéèyì yòókù. Ó wá ń ka ibi tí wọ́n wà bí ẹni ń ka ojúlé ará ilé rẹ̀: ọ̀kan ní Sanson, méjì nínú Tchaourou, ọ̀kan ti lọ sí ọ̀nà Kika.

Lẹ́yìn náà ó ní, "Mẹ́fà ni wọ́n. Patron gbàgbé ìkan."

Mo béèrè èyí tó jẹ́. Ó ní kí n béèrè lọ́wọ́ patron.


Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù Èrèlé

Sanson. Eruku pupa láti orí dé ẹsẹ̀. Ilé ìwé ni bútéèyì ọ̀hún wà: wọ́n ti rẹ́ ẹ sí méjì láti ọdún mẹ́jọ, wọ́n so apá òkè rẹ̀ kọ́ sórí igi, òun ni wọ́n fi ń pe àwọn ọmọ wọlé. Orúkọ náà ṣì wà lára rẹ̀. Ọ̀gá ilé ìwé béèrè bóyá kí wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Mo ní kò séwu mọ́, irin lásán ni. Wọ́n lù ú kí a tó lọ, àwọn ọmọ sì sáré wọlé.


Ọjọ́rú, 5 oṣù Èrèlé

Méjèèjì inú Tchaourou ti ṣófo. Ẹni àkọ́kọ́ fún wa láìjanpata. Ẹnì kejì ní láti ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún bútéèyì òun ò ṣe òun ní nǹkan kan, ilé ẹ̀kọ́ ti yí mi lórí, kí n fi òun sílẹ̀. Òǹtẹ̀ procureur gan-an kò mì ín. Imorou ló sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ọ̀gá, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi sùn sí àgọ́ nítorí irú èyí. Ẹ dákun, ẹ má jẹ́ kí n tún padà síbẹ̀ nítorí tiyín." Ọkùnrin náà fa kọ́kọ́rọ́ yọ.

Tonton Àlúkò fi ọ̀dà tó máa ń fi ibi tó bá sán hàn sí àwọn lẹ́tà náà. Ìlà pupa wẹ́wẹ́ yọ ní ẹsẹ̀ lẹ́tà mẹ́rin. Ó ní kí n jókòó.


Ọjọ́bọ̀, 6 oṣù Èrèlé

Ẹ̀kẹfà wà nínú yàrá Bàbá, lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó fi aṣọ bò ó. AKANDE. Òun ni mo kọ́kọ́ kọ, kí a tó kọ ti ẹnikẹ́ni; èmi náà ti gbàgbé rẹ̀. Ó kún fọ́fọ́, kò tíì fi ṣe nǹkan kan láti ọdún tó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Inú bí mi. Mo ní báwo ló ṣe lè máa sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn gbogbo ohun tí mo ṣàlàyé. Mo gbé ohùn sókè sí bàbá mi, ohun tí mi ò ṣe rí.

Ó jẹ́ kí n parí. Ó ní òun ò rí orúkọ òun rí títí di ọjọ́ tí mo kọ ọ́. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìjọba, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ṣọ́ọ̀ṣì, òun ò mọ èyí tó jẹ́ òun níbẹ̀. Ó ní nígbà tí ojú òun ṣú, gbogbo nǹkan kíkọ ló lọ, àfi èyí tí òun lè fọwọ́ kàn.

Ó ní kí gbogbo wa jìnnà, kí òun fọwọ́ ara òun tú u. Mo kọ̀. Imorou ló bá a gbé e jáde sí ẹ̀yìn ilé lórí fóòmù, èmi ni mo ṣí i díẹ̀díẹ̀. A jókòó sí abẹ́ máńgòrò, afẹ́fẹ́ náà ń hó lọ. Ó lé ní wákàtí kan kó tó dákẹ́.


Ọjọ́ Ẹtì, 7 oṣù Èrèlé

Kika. Mo fẹ́ kọ ọ́ kí ọwọ́ mi tó gbàgbé.

Imorou ní ajórin tó ni bútéèyì náà tà á nígbà tó ń ṣàìsàn, ilé ìwòsàn kékeré kan lọ́nà ibẹ̀ ló rà á, wọ́n fi ọ̀dà funfun kùn ún. Tata Habibath, nọ́ọ̀sì ibẹ̀, jáde wá pàdé wa, ó ń rẹ́rìn-ín, ó rò pé a gbé tuntun wá ni. Mo ka ìwé procureur fún un. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó ní obìnrin kan ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ láàárọ̀, ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ ló dà, bútéèyì yẹn nìkan ló fi ń mí.

Mo wọlé. Bútéèyì náà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí bẹ́ẹ̀dì, kò jìnnà sí etí obìnrin náà ju ọwọ́ kan lọ. Mo fi ìka tọ ọ̀dà funfun yẹn, nísàlẹ̀ èjìká. Mo ti mọ̀ kí n tó rí i.

A ò lè yọ ọ́ lẹ́nu obìnrin náà, bẹ́ẹ̀ ni a ò lè gbé e kúrò níbẹ̀. Òmíràn tó dára, tí a kò kọ nǹkan kan sí, wà ní Tchaourou. Imorou ti wà lórí kẹ̀kẹ́ kí n tó parí ọ̀rọ̀. Mo ní kó rọra, ó wò mí bí ẹni pé mo bú u.

Mo sọ fún tata Habibath pé kó jáde, èmi á dúró. Ó ní èwo nínú wa ló mọ̀ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀? A gbé ọmọ náà fún ìyá àgbà rẹ̀ lábẹ́ igi níta. Àwa méjèèjì dúró. Ojú mi ò kúrò lára aago tó ń fi bí ọ́síjìn ṣe kún tó hàn. Àádọ́rùn-ún ló wà nígbà tí mo wọlé. Bí ó bá ṣe ń lọ sílẹ̀ ni ewu ń dín kù, ohun tó sì ń mú un lọ sílẹ̀ kò ju mímí obìnrin náà lọ. Mo ń ka èémí rẹ̀. Ọgọ́rin. Àádọ́rin. Ó la ojú lẹ́ẹ̀kan, ó bi mí bóyá akọ ni àbí abo. Mo ní abo ni. Ó ní ó dáa.

Ó ku díẹ̀ kó kan ogójì nígbà tí mo gbọ́ kẹ̀kẹ́ Imorou. Kò sáré. Mo gbọ́ bí ó ṣe ń yí kòtò kọ̀ọ̀kan po. Tata Habibath pààrọ̀ ẹnu rọ́bà náà, kò tó ìṣẹ́jú kan. Èmi àti Imorou gbé tiwa jáde sórí fóòmù, a gbé e lọ sí àárín pápá, a ṣí i, a sì sá.

Imorou fún mi lómi. Kò tíì pe orúkọ mi láti ọjọ́ tí wọ́n ti tú u sílẹ̀. Ó ní, "Tata Ṣìkẹ́mi, ẹ mu ún tán."


Ọjọ́ Àìkú, 9 oṣù Èrèlé

Mi ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo sùn.


Ọjọ́bọ̀, 13 oṣù Èrèlé

Ìdáhùn Cotonou dé, ojú ìwé méjì. Ọ̀rọ̀ wa bára mu. Procureur pè mí. Ó ní kò sí ẹjọ́ kankan lọ́rùn ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó gbọ́ràn sí bàbá rẹ̀ lẹ́nu ní ọdún wọ̀nyẹn, wọ́n á pa ìwé náà dé. Ó rò pé inú mi á dùn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Kaoussara ránṣẹ́ pé Imorou ti wálé, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń gbé ẹrù fún un ní Tchatchou. Tó bá kí wọn, wọ́n á máa wo ilẹ̀. Ìwé tí wọ́n pa dé ní Parakou ò dé etí ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Latifatou, ìyàwó Abdoul-Kader, ni mo ń sá fún láti oṣù kan. Mo ti kọ ọ́ síbí báyìí, mi ò lè sá mọ́.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18 oṣù Èrèlé

Àdúà ogójì ọjọ́ Abdoul-Kader ni lónìí. Bàbá ní òun á bá mi lọ, ó di èjìká mi mú láti ọkọ̀ dé àgbàlá. Wọ́n ti tẹ́ ẹní. Imorou jókòó sí ìpẹ̀kun, àyè ẹni mẹ́ta ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bàbá ní kí n mú òun lọ síbẹ̀, ó sì jókòó tì í.

Nígbà tí wọ́n ṣe àdúà tán, mo tọrọ ààyè lọ́wọ́ àwọn àgbà, mo kúnlẹ̀ níwájú Latifatou. Mo sọ ọ́ kí gbogbo wọn gbọ́: pé Imorou ò ju nǹkan kan mọ́lẹ̀, pé orúkọ tó wà lára bútéèyì ló sán an, pé èmi ni mo kọ orúkọ náà, pé mi ò mọ̀, àti pé àìmọ̀ mi ò lè dá a padà. Mo gbọ́ tí Bàbá ń sọ lẹ́yìn mi pé òun ló fi bagẹ́ẹ̀tì lé mi lọ́wọ́.

Latifatou ò wo Bàbá. Ó bi mí pé, "Ìwọ lo kọ ọ́?"

"Èmi ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Orúkọ yẹn ni ọkọ mi fi kọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí níwèé. Kò mọ lẹ́tà míì ju ìwọ̀nyẹn lọ. Tó bá ti parí iṣẹ́ nírọ̀lẹ́, á fa ọwọ́ wọn, á fi ìka wọn tọ̀ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Á ní, bàbá yín rèé."

Ó dìde. Mo rò pé ó fẹ́ wọlé ni. Ó bu omi nínú àmù, ó kọjá láàárín gbogbo àwọn tó jókòó, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Imorou. Imorou mu ún. Ẹnì kan sún lórí ẹní, ẹlòmíì tún sún, àyè tó ṣófo náà dí.

Nígbà tí Latifatou padà dé ọ̀dọ̀ mi, ó béèrè bóyá wọ́n máa dá irin tí orúkọ wà lára rẹ̀ padà. Mo ní ilé ẹjọ́ ló ni ín báyìí. Kò sọ pé òun dárí jì mí. Ó ní, "Kọ ọ́ fún wọn."

Kò sí ìwé kankan lọ́wọ́ mi àfi èyí. Mo ya ojú ìwé tó wà níwájú èyí, mo tẹ́ ẹ sórí orúnkún, mo sì fi lẹ́tà ńlá kọ ABDOUL-KADER. Mo gbìyànjú kí ẹsẹ̀ K kan ẹ̀yìn rẹ̀, ọwọ́ mi kọ̀. Safiatou, àbíkẹ́yìn wọn, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin, ló gbà á. Ó di ojú, ó fi ìka tọ̀ ọ́, ó ń wá ibi tó ga lábẹ́ ìka. Ó yí ìwé náà padà, ó tún fi ìka tọ ẹ̀yìn rẹ̀. Ó la ojú, ó wo ìyá rẹ̀.

Ó ní, "Kò sí níbẹ̀."

Latifatou jókòó tì í. Ó tẹ́ ìwé náà sílẹ̀ dáadáa, ó mú ìka rẹ̀, ó sì tún fi tọ̀ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.